Ta Ló Fojú Rí I?

Tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ bá sáré wọlé pé, "Bàámi, wọ́n ní…", bàbá mi kì í jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Wọ́n á gbójú sókè láti orí ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà, wọ́n á wò wá látòkè gíláàsì, wọ́n á ní, "Àwọn wo ni 'wọ́n'? Ta ló fojú rí i?" Bí a kò bá rí ẹnì kan dárúkọ, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, ká yáa padà síta lọ gbá bọ́ọ̀lù wa. Tíṣà ni wọ́n, tíṣà ayé àtijọ́ tó máa ń fi bírò pupa sàmì sí àṣìṣe inú ìwé ìròyìn tó fowó ara rẹ̀ rà. Ẹ má sì jẹ́ kí "wọ́n" tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn yìí rú yín lójú o. "Wọ́n" méjì ló wà lédè wa. Ọ̀kan, àgbà ló wà nínú rẹ̀. Èkejì, bí o bá tú u wò, o ò ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èkejì yẹn ni bàbá mi kórìíra.

Ọmọ ọdún 12 ni mí ní 1996. Ilé wa wà ní Gaa Àkànbí, ní Ìlọrin. Tílẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, tí wọ́n ti kírun ìṣáì tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, bàbá mi á ti fèrèsé, wọ́n á fa eríàlì rédíò yọ, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀tì wéfù. A ó máa gbọ́ ariwo bí ẹni ń dín àkàrà, títí ohùn èèyàn á fi yọ láàrin rẹ̀. Rédíò Kudirat ni. Ọjọ́ 4, oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abiola l'Ékòó, nígbà tí ọkọ rẹ̀, MKO, wà látìmọ́lé nítorí ìbò ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, 1993. Rédíò tí àwọn tó sá kúrò nílùú dá sílẹ̀ sì wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Etí mi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rọ náà, torí bàbá mi kì í jẹ́ kó dún ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Aládùúgbò kan wà tí a kò mọ ẹni tó ń bá ṣiṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣe bí ọmọ tó gbọ́n, mo ní, "Bàámi, ta ló fojú rí i?" Torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò yẹn kì í sọ ibi tí wọ́n wà, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í sọ orúkọ wọn. Bàbá mi kò bínú. Wọ́n ní, "Orúkọ ẹni tí wọ́n ti pa ni wọ́n ń jẹ́. Ṣé ẹni tó ń ṣeré ló ń jẹ́ irú orúkọ yẹn?" Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí i pé wọn kò dáhùn ìbéèrè mi rárá.

Ìgbà yẹn le. Ní Post Office, níbi tí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ń tẹ́ ọjà wọn sílẹ̀ láàárọ̀, tí àwọn akàwé-ọ̀fẹ́ ń to yí wọn ká bí ẹni ń wo eré, o ò lè déédéé rí Tell tàbí TheNews tàbí Tempo kó wà níta gbangba. Oníbàárà tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni wọ́n ń tà á fún. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta tiwa fún wa máa ń ká a sínú Herald, ìwé ìròyìn ìjọba Kwara, á ní, "Alàgbà, Herald yín rèé o." Bàbá mi á sanwó Herald, wọ́n á sanwó ohun tó wà nínú Herald. Ẹ rántí pé kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi bọ́ǹbù inú àpòòwé pa Dele Giwa nílé rẹ̀ n'Íkẹjà, lọ́jọ́ 19, oṣù kẹwàá, 1986. Ní 1995, ìjọba Abacha ti kó akọ̀ròyìn mẹ́rin, Kunle Ajibade, Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles-Obi, sẹ́wọ̀n lórí ìròyìn tí wọ́n kọ nípa ìdìtẹ̀gbàjọba tí ìjọba ní òun tú àṣírí rẹ̀. Obìnrin mélòó ló ti gbọ́ irú èyí, tó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ojú á rí, ẹnu á dákẹ́? Ìyá mi wà lára wọn. N kò bá wọn jà.

Ọjọ́ tí mo rí i tí ayọ̀ ìwé ìròyìn hàn lójú bàbá mi jù ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ Salisu Buhari jáde, ọdún 1999, ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọkùnrin yẹn ni olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Ó ní òun kàwé gboyè ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà. TheNews ní irọ́ ni: kò gboyè kankan níbẹ̀, ọjọ́ orí tó pè kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ fárígá. Nígbà tó di oṣù keje, ó fi omijé bẹ̀bẹ̀, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Bàbá mi ń rìn síwá sẹ́yìn nínú pálọ̀ pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́: "Wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́! Wọ́n lọ béèrè!" Bí ẹni pé Super Eagles ló jẹ góòlù.

Àtìgbà yẹn, bí mo bá ń ka ìtàn bí ìwé ìròyìn ṣe tú àṣírí àwọn alágbára kárí ayé, ẹni tó fojú rí i ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu, torí kì í sábà jẹ́ èèyàn ńlá.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ Watergate. Ẹni bá ń sọ ìtàn yẹn, Bob Woodward àti Carl Bernstein ti Washington Post ló máa ń dárúkọ, ó sì tọ́ sí wọn. Èmi, ọ̀dọ̀ mégádì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Frank Wills ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú, ẹni ọdún 24. Òru ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, 1972, ó ń yípo ilé tó ń ṣọ́, ilé Watergate ní Washington, ó rí i pé ẹnì kan lẹ téèpù mọ́ ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan kó má bàa tì. Ó rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó yọ ọ́. Nígbà tó tún padà débẹ̀, ó bá téèpù mìíràn. Ó pe ọlọ́pàá. Ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n bá nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò. Àwọn akọ̀ròyìn tẹ̀lé okùn yẹn láti ọ̀dọ̀ àwọn márààrún títí ó fi dé ẹsẹ̀ ààrẹ, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ 1974, Ààrẹ Nixon kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní White House. Ohun tó máa ń wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni pé mégádì náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ òru sí, ó fi bírò kọ aago tó rí téèpù síbẹ̀ bó ṣe máa ń kọ gbogbo nǹkan, kò mọ̀ pé ìtàn lòun ń kọ. Ìwé yẹn wà nílé àkójọ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà dòní. Òun fúnra rẹ̀ kò rí iṣẹ́ gidi kan di mú lẹ́yìn ìgbà náà. Inú òṣì ló kú sí ní ọdún 2000.

Tàbí ti Soweto. Ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, 1976, àwọn ọmọ iléèwé tú síta ní South Africa pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn lẹ́kọ̀ọ́. Èdè ló fà á o, ẹ̀yin tí ẹ ń na ọmọ yín torí pé ó sọ Yorùbá nínú ilé. Ọlọ́pàá yìnbọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mbuyisa Makhubo gbé Hector Pieterson, ọmọ ọdún 12, sápá, ó ń sáré, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ kan síta bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró. Sam Nzima, ayàwòrán ìwé ìròyìn The World, ya fọ́tò náà. Ó mọ̀ pé bí ọlọ́pàá bá rí kámẹ́rà, wọn yóò ba fíìmù inú rẹ̀ jẹ́, ló bá yọ fíìmù, ó tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Inú ìbọ̀sẹ̀ ni àwòrán tí gbogbo ayé fi mọ ohun tí apartheid jẹ́ gbà jáde. Ìjọba ti The World pa lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nzima sá kúrò ní Johannesburg, ó padà sí abúlé rẹ̀, ọlọ́pàá sì ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Makhubo sá kúrò ní orílẹ̀-èdè náà, kò padà wálé mọ́. Lẹ́tà ìkẹyìn tí ìyá rẹ̀ rí gbà, Nàìjíríà ni ó ti wá, ní 1978. Nàìjíríà wa níbí. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé ó ṣeé ṣe kí bàbá mi ti jókòó ti ọkùnrin yẹn nínú ọkọ̀ rí.

Lóde òní, ìbọ̀sẹ̀ ti di fóònù. Lọ́jọ́ 25, oṣù karùn-ún, 2020, ọlọ́pàá Minneapolis kọ́kọ́ gbé e jáde pé àìlera ló pa ọkùnrin kan nígbà tí àwọn ń mú un. Darnella Frazier, ọmọ ọdún 17, tó mú ìbátan rẹ̀ kékeré lọ ra ìpápánu, ti dúró fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ títí George Floyd fi dákẹ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ló kan tiwa. Èmi ò kúrò ní Ìlọrin lálẹ́ ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, mo wà lórí ibùsùn, ìmọ́lẹ̀ ti lọ, bátìrì fóònù mi ku díẹ̀, mò ń wo DJ Switch lórí Instagram láti Lekki, níbi tí ìbọn ti ń dún láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn lórí ìwà ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ ogun kọ́kọ́ ní irọ́ ni, nígbà tó yá wọ́n gbà pé àwọn wà níbẹ̀. CNN to àwọn fídíò ọwọ́ àwọn ọmọdé yẹn jọ, wọ́n fi aago inú wọn bá ara wọn mu, ọ̀kan sí èkejì. Iye ẹni tó kú níbẹ̀ ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí. Pé ìbọn dún, ìyẹn ti kúrò ní "wọ́n ní".

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì fẹ́ bi mí. Ẹni tí wọ́n máa pa bó bá sọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún Woodward lábẹ́lẹ̀, igbákejì ọ̀gá àgbà FBI ni, Mark Felt, ọdún 2005 ni ayé tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kó ìwé Panama, ìwé àṣírí ibi tí àwọn olówó ayé ń fowó pamọ́ sí, fún ìwé ìròyìn Süddeutsche Zeitung ní Jámánì, "John Doe" ló pe ara rẹ̀, a kò tíì mọ̀ ọ́n dòní. Ìwé tó kó sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 11, akọ̀ròyìn tó ju 300 lọ ló pín in kà, Premium Times tiwa náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e jáde lóṣù kẹrin 2016, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí olórí ìjọba Iceland fi kúrò nípò.

Àwa tó wá láti ilẹ̀ Ìgbómìnà kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa. Eégún máa ń sọ fún baálẹ̀ ohun tí ọmọ ìlú kankan kò lè sọ fún un lójúkojú. Ẹ̀kú bò ó, ṣùgbọ́n èèyàn wà nínú ẹ̀kú, atókùn sì mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn, iṣẹ́ atókùn ni: kó mọ ẹni tó wà nínú aṣọ, kó mọ ibi tó ti rìn dé, kó má sì tú u fáyé. "Wọ́n ní" ní tirẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ igi, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbí fẹ́ sọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀yin ará WhatsApp ń fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀, tí ẹ ń kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́", aṣọ orí igi ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Ó tó gẹ́, igbe òṣèlú Kwara, torí kò ṣeé kọ irú èyí láti Ìlọrin kí n fò ó. Láti ìparí 2018 dé ìbò 2019, kò sí ibi tí o máa gbà kọjá tí o ò ní gbọ́ ọ: lẹ́nu àwọn ìyá tó ń ta ẹran ní Ìpàtà, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, lórí rédíò, lẹ́nu ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó tó. Ọ̀rọ̀ méjì àbọ̀ péré, ó gbé ilé òṣèlú tó ti ń pàṣẹ ní Kwara fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣubú. N kò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Mo kàn gbádùn rẹ̀ bí Yorùbá.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá kíyè sí i pé ayé ti ń sọ èdè Ìlọrin tipẹ́. Ní Íjíbítì, ní 2004, ẹgbẹ́ tó dìde sí Ààrẹ Mubarak ń jẹ́ Kifaya, "ó tó". Ní Senegal, ní 2011, àwọn akọrin ráàpù àti akọ̀ròyìn dá Y'en a marre sílẹ̀, "ó ti sú wa". Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni ti Burkina Faso. Norbert Zongo, tó ni ìwé ìròyìn L'Indépendant, ń wádìí ikú awakọ̀ àbúrò ààrẹ, awakọ̀ lásán, David Ouédraogo. Lọ́jọ́ 13, oṣù kejìlá, 1998, wọ́n bá òun àti ẹni mẹ́ta mìíràn nínú ọkọ̀ tó jóná. Àwọn èèyàn tú síta, ohun tí wọ́n ń pariwo ni "Trop c'est trop". Ẹ túmọ̀ rẹ̀ bó bá ṣe wù yín, Ó tó gẹ́ ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà tí wọ́n lé ààrẹ náà, Blaise Compaoré, wọn kò tíì gbàgbé Zongo.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Tiwọn, orí orúkọ kan ló dúró lé: awakọ̀ kan, ibi tó kú sí, ẹni tó ń wakọ̀ fún. Zongo ti ń kọ ọ́ fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Òmù-Àrán sí Ìlọrin ní ọ̀sẹ̀ ìbò wa, gbogbo èrò ló ní ó tó gẹ́. Mo béèrè pé iṣẹ́ wo ní ìlú wọn ni wọ́n gbà tí wọn kò ṣe, èló ni, ta ló gbà á? Ọkọ̀ dákẹ́. Obìnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n ti kó o jẹ." Àwọn wo ni "wọ́n"? Mo rẹ́rìn-ín, torí ohùn bàbá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi.

Ó wá kan èmi náà. Ní 2021, mo ń ṣe ètò kékeré kan fún ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin. N kò ní dárúkọ rẹ̀, mo ṣì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan pè mí nípa bọ́hóòlù kan ní ìlú kékeré kan lápá Ìgbómìnà. Mo wọkọ̀ ní Gáráájì Ọ̀fà, mo gba Ajàṣẹ́ lọ. Mo bá pátákó, àwòrán olóṣèlú wà lórí rẹ̀, oòrùn ti pa ojú rẹ̀ rẹ́. Táńkì wà lókè irin, páìpù tó yẹ kó gbé omi dé inú rẹ̀ kò sí. Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi. Agbọ́n ló fò jáde.

Àwọn ọkùnrin tó wà lábẹ́ igi sọ̀rọ̀ fún mi tó nǹkan bí wákàtí kan, ọ̀rọ̀ gidi, ọ̀rọ̀ tó ní ọjọ́ àti iye. Bí mo ṣe fa fóònù yọ pé kí n gbà á sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ di "wọ́n ní". Wọ́n ní owó ti jáde. Wọ́n ní ẹnì kan ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́ òun, kò padà.

Ìyá kan gbé kẹ́ẹ̀gì omi odò kọjá. Wọ́n dúró, wọ́n sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ omi ni? Gbé e súnmọ́ mi. Kọ orúkọ mi sílẹ̀." Wọ́n sọ orúkọ wọn, orúkọ bàbá wọn, agboolé wọn. Wọ́n ní ọjọ́ ọjà ni àwọn tó wá ṣí bọ́hóòlù náà dé. Ọkọ̀ omi kan ti tètè dé ṣáájú wọn, ó fi họ́ọ̀sì tú omi sínú táńkì. Omi yẹn ló jáde nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò. "Èmi ni mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ síbẹ̀. Èmi ni mo wà nínú fọ́tò yẹn. Ó kún tán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Títí dòní, kò tún kán."

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kàn, mo tọ́ka sí òfin 2011 tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè ìwé ìjọba, tó ní kí wọ́n fèsì láàrin ọjọ́ méje. Mo ṣì ń retí èsì. Ọ̀dọ́kùnrin kan mú owó mọ́tò wá fún mi nínú àpòòwé, n kò gbà á. Kì í ṣe pé mo mọ́ ju ẹlòmíì lọ, mo ti gba irú rẹ̀ rí níbi òde tí kò kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá tó ń bójú tó ètò gbọ́ ohùn ìyá náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó dùn. Wọ́n ní kí n yọ orúkọ. Kí n yọ ìlú. Kí n yọ ọkọ̀ omi. Ohun tó ṣẹ́kù, a gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, láàrin ìpolówó àgbo jẹ̀dí méjì: "Àwọn ará ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Kwara ti ké gbàjarè lórí àìsí omi." Èmi ni mo kà á.

Nígbà tí mo padà lọ kí wọn, ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò bínú, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n fún mi lómi. Omi odò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, "A gbọ́ rédíò yín. Ta ni 'àwọn ará ìlú kan'?"

Ìyá náà ti di olóògbé báyìí. Kí n tó jókòó kọ èyí, mo pe ọmọ wọn ọkùnrin, mo ní mo fẹ́ kọ orúkọ ìyá rẹ̀ síbi tí ayé máa rí i, torí òun ló ní kí n kọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń sanwó oṣù rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ kọ 'ìyá kan'."

Mo kọ "ìyá kan". Ohùn wọn ṣì wà nínú fóònù mi, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Orúkọ wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.